Ọdún Tí Pọ́ọ̀lù Wọ Ilé Wa

Télọ̀ ni ọkọ mi. Aṣọ ọkùnrin ló máa ń rán, bùbá àti ṣòkòtò àti agbádá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé tí à ń gbé l'Ábẹ́òkúta, kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú. Èmi náà, aláró ni mí. Ẹ̀yìn ilé kan náà ni àwọn ìkòkò aró mi wà, tó jẹ́ pé bí mo bá ń sá àdìrẹ sórí okùn, mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti iwájú. Bí ìró náà bá dákẹ́, mo ti mọ̀ pé oníbàárà ló dé tàbí pé ó fẹ́ lọ kírun. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í pariwo, kò sì na ọwọ́ sí mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá sílé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìtàn èèyàn burúkú ni mo fẹ́ sọ. Tó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá ni pọ́ọ̀lù wọ ilé wa. Ọmọdé lè má mọ ohun tó ń jẹ́ pọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí àwọn òyìnbó ń gbá nílùú wọn lọ́hùn-ún ni. Wọ́n á to àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ pàdé sórí bébà, wọ́n á fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹni tó bá sì fẹ́ ta á á mú àwọn nọ́ńbà tó rò pé wọ́n máa gbá ọ̀mì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rédíò á ka èsì. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ yìí wà káàkiri ìlú nígbà náà. Wọ́n máa ń lẹ bébà mọ́ ara ògiri, àwọn ọkùnrin á sì dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á na ọrùn, bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tó yege ìdánwò.

Oníbàárà kan ló kọ́ ọkọ mi. Ó wá wọ aṣọ wò, ó sì ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn páálí sìgá bí ó ṣe ń dúró. Ọkọ mi bi í léèrè ohun tó ń kọ, ó ṣàlàyé fún un. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi ṣẹ́ńjì tó wà lápò rẹ̀ dán an wò, kò jẹ. Ó tún dán an wò, kò jẹ. Ìgbà tó yá, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó jẹ.

Ó sáré wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó gbé mi sókè tòun ti ọwọ́ mi tó dúdú fún aró, mo fi aró kùn ún lọ́rùn, àwa méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ra àgbò tó tóbi ju ti onílé wa lọ, ó ra rédíò tuntun, ó ra aṣọ fún ìyá rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń kí wa, "Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á ṣe é ní àṣetúnṣe!" A ń ṣe àmín, a ń ṣe àmín. Bí mo bá rántí àdúrà yẹn nísinsìnyí, ara mi máa ń bù máṣọ, torí pé ohun tí wọ́n ń tọrọ fún wa gan-an ló ṣẹlẹ̀: ó ń ṣe é ní àṣetúnṣe.

Láti ìgbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ Sátidé yí padà nílé wa. Tí ìrun Àsárì bá ti parí, ọkọ mi á gbé rédíò wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí àpótí, á gbé etí mọ́ ọn. Èmi á wà lóde, màá máa ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ná, bẹ́ẹ̀ etí mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà, ti mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sunkún ní àkókò yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn mọ̀ ni. Á wá jókòó tì mí, á di ìdí ìró mi mú, á máa wo ilẹ̀kùn náà bí èmi náà ṣe ń wò ó.

Tí kò bá jẹ, kì í bínú o. Ì bá tiẹ̀ máa bínú. Ńṣe ló máa jáde, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Nọ́ńbà kan péré ló ṣẹ́kù." Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni nọ́ńbà kan péré máa ń ṣẹ́kù. Ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ojú rẹ̀ kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kúrò lórí bébà, tó wá ń rìn kiri inú ilé. Mọ́tò tó kọjá, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló máa kà. Àdìrẹ tí mo sá, á ka iye rẹ̀ lórí okùn. Láàárọ̀, kó tó kí mi, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí lo lá?" Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé mo rí ìyá mi lójú àlá. Ìyá mi ti kú kó tó fẹ́ mi, kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ìyá mi wọ aṣọ funfun, ó ń bọ̀ lọ́nà oko pẹ̀lú àwọn obìnrin kan. Ọkọ mi gbé orí sókè. Inú mi ti dùn, mo rò pé ó fẹ́ bi mí bóyá ara ìyá mi le.

Ó ní, "Àwọn obìnrin náà, mélòó ni wọ́n?"

Mo wò ó títí. Mo ní mi ò kà wọ́n. Ó ní kí n rántí dáadáa. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, kò fi agbára dì í, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ títí mo fi pe iye kan tí mo kàn dá sílẹ̀ lẹ́nu ara mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lá àlá kankan fún un mọ́. Tó bá bi mí, màá ní oorun mi dúdú ni.

Ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láàárín ọjọ́, kì í ṣe àkókò ìrun, kò sì sí oníbàárà. Tí mo bá lọ wò, ṣọ́ọ̀bù á ṣí sílẹ̀, kò ní sí nínú rẹ̀. Tó bá dé, á ní òwú lòun lọ rà. Ọjọ́ mìíràn, á ní òun lọ kí aláìsàn. Aláìsàn tó dárúkọ rẹ̀, mo ti rí i lọ́jà láàárọ̀, ó ń ná ìrẹsì lọ́wọ́ aláte, ara rẹ̀ le koko. Mi ò sọ fún un pé mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá mú irọ́ kékeré yẹn, ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á jáde sí mi.

Ó sì jáde náà. Bàbá kan tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ gbé aṣọ gínnì olówó iyebíye wá kí ọkọ mi fi rán agbádá. Bàbá náà wá gbà á, ọkọ mi ní ó ku díẹ̀. Ó tún wá, ó ní ó ku ọrùn. Èmi tí mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù náà láràárọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kan gínnì yẹn gbẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá náà máa tún dé, ó mú ọkùnrin méjì tí wọ́n sígbọnlẹ̀ lọ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi, ó ń bẹ̀bẹ̀, ohùn náà tín-ín-rín, mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o ta á ni?" bàbá náà bi í. "Ṣáà sọ fún mi. Ṣé o ta aṣọ mi ni?"

Ọkọ mi di ẹsẹ̀ bàbá náà mú.

Mo wọ yàrá lọ, mo kó àwọn àdìrẹ tí mo ti rẹ fún àwọn oníbàárà mi tó ń bọ̀ láti Èkó, èyí tó dára jù nínú wọn, mo gbé e síwájú bàbá náà, mo kúnlẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wo èmi, oyún tó wà nínú mi ti hàn nígbà náà. Ó ní, "Dìde, ìyàwó. Kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ ni mo fi gbà o. Nítorí rẹ ni." Bí wọ́n ṣe lọ tán, ọkọ mi dojú bolẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn àkísà àti òwú, ó fi Ọlọ́run búra pé òun ò ní ta pọ́ọ̀lù mọ́ láyé òun. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó burú jù ni pé òun náà gba ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti wọ bàtà rẹ̀ kí n tó fọ abọ́ tán.

Bàbá kan ń gbé ní ọ̀kánkán wa tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì. Òun náà ń ta pọ́ọ̀lù, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n tí rédíò bá ń ka èsì lọ́wọ́, bàbá yìí lè máa sùn lórí àga níta, kó tó jí kó wá bi àwọn èèyàn bóyá òun jẹ. Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń ta tiyín tí kò fi mú yín bó ṣe mú ọkọ mi?"

Ó ní, "Ọmọ mi, owó orógbó mi ni mo fi ń ta á. Bó bá lọ, mi ò ní jẹ orógbó lọ́sẹ̀ yẹn, ó parí. Mi ò kì í lọ wá a. Ẹni tó bá ta tòní kó lè fi rí tàná gbà padà, onítọ̀hún ò ṣeré mọ́." Ó wá bi mí bóyá ọkọ mi ń purọ́ ibi tó lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá tó bá jẹ, ó máa ń sinmi. Mo ní rárá, ìgbà tó bá jẹ gan-an ni kì í sùn. Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Ó mú ọ̀rẹ́ mi kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èèyàn máa ń pè é ní ojúkòkòrò. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Àìsàn ni. Má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó ń sọ àsọdùn, bí àgbà ṣe máa ń ṣe.

Sátidé kan, mo ní ọjà láti kó lọ sí Ìtórì. Àwọn tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ara ọmọbìnrin wa gbóná díẹ̀ láàárọ̀ yẹn, mo ti fún un ní àgbo, ó sì ti mu ẹ̀kọ. Mo ní kí n má lọ mọ́. Ọkọ mi ní, "Máa lọ. Mo wà nílé. Mi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà bó ṣe ń sọ ọ́, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí.

Mi ò tà dáadáa lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìtórì ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo kó ẹrù mi kí ọjà tó tú, mo wọ mọ́tò padà. Nígbà tí mo dé iwájú ilé wa, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, láti ìta.

Mo pe ọkọ mi. Mo pe ọmọ mi. Mo gbé etí mọ́ ilẹ̀kùn, mo wá gbọ́ nǹkan kan nínú ilé, kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí ìgbà tí ẹran bá ń mí lẹ́yìn tó ti sáré ni. Mi ò mọ ohun tí mo ké, ṣùgbọ́n bàbá rélùwéè ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú irin kan lọ́wọ́. Ó fi já fèrèsé pákó wa kúrò lára ògiri. Èmi tí mo lóyún ni mo gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ náà wà nílẹ̀, ó ti já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì. Gìrì ti mú un. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, eyín rẹ̀ ti di pọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná.

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn, mi ò lè sọ ọ́ ní títò. Mo mọ̀ pé àwọn kan da omi sí i lára, pé onímọ́tò kan, ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, ló gbé wa, pé mò ń pe ọmọ náà kò sì dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi aṣọ tútù nù ún títí. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó la ojú, ó ní òun fẹ́ mu omi. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì bá mi wí.

Ìgbà náà ni ọkọ mi wọlé. Wọ́n ti sọ fún un ládùúgbò. Aṣọ rẹ̀ kún fún eruku, kò wọ bàtà. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò lè sún mọ́ wa. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń retí kó wo ọmọ rẹ̀. Kò wò ó. Irin bẹ́ẹ̀dì ló ń wò, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì sí. Ètè rẹ̀ ń mì.

Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, kí lẹ ń kà?"

Ó ta gìrì. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wá wò mí. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé mò ń kà á."

Ìpáyà tó mú mi nígbà tí mo gbọ́ mímí ọmọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ju èyí lọ. Mo ti rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Mi ò mọ̀ pé ohun náà ló ń ṣe òun. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí sìmẹ́ńtì, ó wá sọ fún mi pé òun kàn ní kóun sáré lọ fi nọ́ńbà sílẹ̀ ni kí wọ́n tó ti ibẹ̀, pé òun ti ilẹ̀kùn kí ọmọ má baà jáde, pé ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nọ́ńbà tó dájú fún wọn níbẹ̀, òun ò sì mọ̀ pé ìgbà ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Orí afárá Lafẹ́nwá ni mo ti ń bọ̀ yìí. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo odò."

Mi ò bi í pé kí ló ń wò nínú odò. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Mo dì í mú títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi dé, èyí tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọkọ mi. Ó jẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, mo ti ń múra sílẹ̀ fún èébú. Kò bú u. Ó jókòó sílẹ̀ lápá kejì rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, odò ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Àwa la kọ́kọ́ ni ọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ṣètò bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí. Aṣọ tí oníbàárà bá gbé wá, ọwọ́ mi ló máa gbé e lé. Ohun tí wọ́n bá san, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ. Rédíò náà, ó gbé e lọ sílé rẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ tún lọ bá ọkùnrin tó ń gba tẹ́tẹ́. Ó fún wa lága, ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó tiẹ̀ ránṣẹ́ ra ohun mímu tútù. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba tọwọ́ ọkọ mi mọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tàn yín o. Ẹni tó bá fẹ́ ta á, bí kò tà á l'Ábẹ́òkúta, á tà á ní Pápálantó." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò fọwọ́ kan ohun mímu náà.

Àbúrò bàbá wọn kan ń dáko ní ọ̀nà Alábàtà. Nígbà náà, oko ni gbogbo ibẹ̀, kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń wá ilé gbé níbẹ̀. Ọkọ mi lọ bá a, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi kórè àgbàdo. Mo bí ọmọkùnrin wa nígbà tí kò sí nílé. Pé ó jìnnà ò ní kí ẹ̀rù rẹ̀ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá rò pé wọ́n wá sọ fún mi pé wọ́n ti rí i nínú odò. Mo ṣàkíyèsí pé èmi náà ti ń ka nǹkan: mò ń ka mọ́tò tó bá ti ọ̀nà Alábàtà wọlé. Mo bá ara mi wí, mo jáwọ́.

Ó padà wálé, ó rù, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Mo ti ń sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ ra bọ́tìnnì àti òwú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fún un lówó. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń ro aró. Ó wá dúró níbẹ̀, kò mú ohunkóhun lọ́wọ́.

Ó ní, "Mi ò dé Èkó. Mo sọ̀ ní Pápálantó. Mo ta á."

Igi tí mo fi ń ro aró bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ìkòkò. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kó àwọn ọmọ mi, kí n padà sílé bàbá mi. Ṣùgbọ́n nínú ìbẹ̀rù náà ni mo ti rí i pé kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sọ pé nọ́ńbà kan péré ló ṣẹ́kù. Láti ọdún wọ̀nyẹn, ìgbà yìí ló kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi kí n tó mọ̀. Mo ní kó lọ wẹ̀, kó wá jẹun. A lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Láti ìgbà náà, kì í rìnrìn àjò ọjà òun nìkan, bàbá rélùwéè ló sì máa ń wá jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bàbá náà ti fi pọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní orógbó dùn mọ́ òun lẹ́nu jù ú lọ.

Mo bi ọkọ mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan bóyá ohun náà ti kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Kò kú. Ó sùn ni. Ẹ má bá mi pariwo létí rẹ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin wa fi máa parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń wá owó tí wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé kíláàsì. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní tíkẹ́ẹ̀tì ráfù láti tà sílé, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde á gba kẹ̀kẹ́. Ọmọ náà sáré wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí i, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ra kan! Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ pupa ni!" Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń di àdìrẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì náà kí n tó lè dìde. Ìka rẹ̀ bo ibi tí nọ́ńbà wà. Mo rí òógùn tó yọ sí i lórí imú. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń wò ó, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣe.

Ọkọ mi yí tíkẹ́ẹ̀tì náà dojú dé, ó nà án padà sí i. Ó ní, "Gbé e fún ìyá rẹ. Kí ó bá ẹ rà á. Má sọ nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi, ṣé o gbọ́, ọmọ mi? Bó bá jáde, bí kò jáde, má sọ fún mi."

Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó gbé e wá fún mi.

Mo rà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n fà á nílé ìwé, ọmọ ẹlòmíràn ló gba kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọbìnrin wa sunkún díẹ̀ nínú yàrá, ó nu ojú, ó sì lọ gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń fetí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun, ó bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀; kò sẹ́ni tó dárúkọ kẹ̀kẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ró.